Ìtàn ogun níwájú ọmọ JSS 2: ìdáhùn fún olùkọ́ kan tó wà lẹ́nu TP

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE ọlọ́dún kẹta ni mí, Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Àwùjọ ni iṣẹ́ mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé ìjọba kan ní Òṣogbo fún TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́), JSS 2 ni wọ́n sì fún mi. Àwọn ọmọ inú kíláàsì náà lé ní ọgọ́rin, àwọn tó sì ní ìwé nínú wọn kò ju mẹ́fà lọ. Tíṣà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ní kí n máa kọ nóòtì sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n máa dà á kọ, nítorí ìdánwò. Orí ọ̀rọ̀ tó kàn ni òwò ẹrú àti àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí mo ṣe dárúkọ ogun Kírìjí báyìí, ọmọ kan dìde, ó ní bàbá òun sọ pé àwọn ará Ìbàdàn ló kó Ìjẹ̀ṣà lẹ́rú. Ọmọ Ìbàdàn kan fún un lésì, ni ariwo bá sọ, n kò sì mọ ohun tí mo lè wí. Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn tí yóò fi yé wọn, tí kò ní di ìjà, tí n kò sì ní fìdí rẹmi lọ́wọ́ alábòójútó tó ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ìjà àwọn ọmọ méjì yẹn ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí ohun tí ẹ kà sí wàhálà yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ gbà wọnú iṣẹ́ náà. Ọmọ tó dìde láti sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí mú ẹ̀rí wá sí kíláàsì, ẹ̀rí àtẹnudẹ́nu. Èyí tó fún un lésì sì kọ̀ láti gba ẹ̀rí náà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ méjì tí òpìtàn ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe é láìbú ara ẹni. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ má ṣe gbé odindi orí ọ̀rọ̀ wọ kíláàsì mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ mú wọlé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí kan tí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn yẹ̀ wò láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, àlàyé lórí èyí ni.

Kí ẹ tó bínú sí tíṣà tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ rántí ohun tí ojú iṣẹ́ yìí ti rí. Ètò ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 kò fi Ìtàn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní gbangba ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wọ JSS tó sì jáde láàárín àkókò yẹn láìjókòó níwájú tíṣà Ìtàn rárá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lónìí sì jẹ́ olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ tàbí ti Civic tí wọ́n kàn gbé e lé lọ́wọ́ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò kọ́, tí wọ́n kó ọgọ́rin ọmọ jókòó níwájú rẹ̀, tí ìwé kò sì tó, nóòtì bọ́ọ̀dù ni yóò gbá mú. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ má ṣe kọ nóòtì náà sílẹ̀ fún un. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti jáde, kí ẹ sì mú nóòtì tí ẹ ti kọ dání, tí kò ju ìlà mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Ẹ sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fi dà á kọ, pé kí ó jọ̀ọ́ bá yín wò ó bóyá ohun tí ìdánwò yóò béèrè kún inú rẹ̀ tó. N kò tíì rí tíṣà tó kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tì, nítorí pé ẹ ti bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, ẹ sì ti gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ láìfa ọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni tiyín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọjọ́ kan hàn yín bó ṣe yẹ kó rí. Ní ti òwò ẹrú, n kò mọ ẹ̀rí tó bá ọmọ JSS mu tó ìtàn tí Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà ní ọdún 1837, láti Sàró sí akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùkọ́ ni òun náà nígbà tó kọ ọ́. Iṣẹ́ àlùfáà kò tíì bẹ̀rẹ̀, oyè bíṣọ́ọ̀bù sì di ọdún 1864. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ó ń sọ nípa rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn tó jókòó níwájú yín lọ. Ìlú rẹ̀, Òṣogùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ìròyìn dé pé ọ̀tá ń bọ̀. Ẹnubodè tí àwọn ọkùnrin ní láti dáàbò bò tó bíi mẹ́fà, àwọn kan nínú wọn kò sì sí nílé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà síta. Ọmọ náà kò fojú kàn án mọ́ láéláé. Àwọn obìnrin ń sáré nínú igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni wọ́n ti pín wọn, wọ́n sì fi òun alára ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan.

Ẹ má ṣe gbé gbogbo lẹ́tà náà wá. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù kan, kí ẹ fi máàkà tó nípọn kọ gbólóhùn mẹ́jọ péré sí i, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè kà, kí ẹ sì pààlà láàárín ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́. Àǹfààní kádíbọ́ọ̀dù ni pé ẹ kò ní kọ ẹ̀yìn sí ọgọ́rin ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ariwo tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú kíláàsì, ẹ̀yìn tíṣà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí ọmọ yẹn ti gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù àwọn òyìnbó Potogí; mo máa ń fò ó fún JSS 2, n kò sì rò pé ẹ̀kọ́ náà pàdánù ohunkóhun.

Ẹ kọ ìbéèrè ọjọ́ náà sórí bọ́ọ̀dù, òun nìkan ṣoṣo: kí ni ọmọ yìí pàdánù láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́ ọjọ́ kan? Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì ka kádíbọ́ọ̀dù náà sókè. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, kí bẹ́ǹṣì méjì di ẹgbẹ́ kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ ohun mẹ́ta tí ọmọ náà pàdánù sórí ìwé kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi ní ìwé kan ṣoṣo ni pé bí olúkúlùkù bá mú ìwé tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Àwọn kan yóò kọ bàbá, àwọn kan ilé, àwọn kan òmìnira. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan yóò kọ oúnjẹ àárọ̀, kíláàsì yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe bá wọn wí. Ẹ bi wọ́n pé: ọdún mélòó ló wà láàárín 1821 àti 1837? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn rántí ohun tí ó jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wá béèrè ìdí tí ọkùnrin yìí fi rántí pé oúnjẹ wà lórí iná. Mo ti rí kíláàsì aláriwo tó dákẹ́ lórí ìbéèrè yẹn.

Ìbéèrè kejì ni èyí tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ Ìtàn, tí kì í ṣe àlọ́ ìbànújẹ́ lásán: nínú gbólóhùn mẹ́jọ wọ̀nyí, èwo ni ó fojú ara rẹ̀ rí, èwo sì ni ẹlòmíràn sọ fún un? Ó rí bàbá rẹ̀ nígbà tó sáré wọlé. Kò rí ikú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó gbọ́ pé ó kú nínú ogun mìíràn. Bí ọmọ JSS 2 bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ti fún un ní ohun èlò tí yóò lò lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp ìyá rẹ̀ títí dé orí ìwé ìròyìn.

Ibi kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún dáadáa. Crowther dárúkọ àwọn tó kógun ti Òṣogùn gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Òṣogbo ni ẹ wà. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò lè ṣàìpọ̀ nínú kíláàsì yín. Bí ẹ bá fo gbólóhùn náà, ẹni tó bá ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ iwájú yóò mọ̀ pé ẹ fi nǹkan pamọ́ fún òun. Bí ẹ bá sì kà á láìsí àlàyé, ìdajì kíláàsì yóò tẹrí ba, ìdajì yòókù yóò sì máa wò wọ́n. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń béèrè ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere ni, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jẹ lógún ju ohun gbogbo lọ. Òǹkọ̀wé lè sọ òótọ́, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tí yóò ka ìwé náà ló pinnu ohun tí yóò fi ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ bí ilẹ̀ ṣe rí nígbà náà: ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, Àfọ̀njá ti yapa ní Ìlọrin, oríṣiríṣi ọmọ ogun ń rìn káàkiri, owó tó wà nídìí ẹrú ní etíkun sì pọ̀ débi pé ẹni tó ń sọ Yorùbá ń kó ẹni tó ń sọ Yorùbá tà. Ẹ fi kún un pé ọkọ̀ Potogí ló gbé ọmọ náà, pé àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà lórí òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti kó ẹrú fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fi òfin dá a dúró ní 1807. Ìgbà tí ẹ bá parí èyí, kò ní sí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà kan tí ọmọ lè nàka sí pé òun nìkan ló jẹ̀bi.

Bí ìṣẹ́jú bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ fún wọn pé ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó padà rí ìyá rẹ̀. Wọn yóò ti máa dúró de ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ogun Kírìjí àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà yín. Ẹ má ṣe sọ fún un pé bàbá rẹ̀ purọ́, nítorí kò purọ́. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo yín níbẹ̀ ní 1840, agbára rẹ̀ tàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ó fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ kan sì di ohun tí ará ìlú kò lè mú mọ́ra. Ní 1878 ni jagunjagun kan, Fábùnmi, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjí. Àmọ́ bàbá náà kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ògèdèǹgbé, balógun Èkìtìparapọ̀ fúnra rẹ̀, ti gbé láàárín àwọn ará Ìbàdàn rí, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ ogun. Òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ náà sì kógun lọ sí apá Àkókó kí ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn alára, àpapọ̀ àwọn tó sá wá láti ibi púpọ̀ ni, tí ẹrú tó wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì bímọ sí. Ọmọ tó ń jà fún Ìbàdàn nínú kíláàsì yín lè jẹ́ ọmọ-ọmọ Ìjẹ̀ṣà láìmọ̀.

Òfin kan wà tí mo ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá ń lọ kọ́ni lórí ogun, mo sì ń fún ẹ̀yin náà: nínú kíláàsì yín, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo "àwa" tàbí "ẹ̀yin" fún ẹni tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ kò ní sọ pé "ẹ̀yin lẹ kó wa lẹ́rú". Yóò sọ pé "àwọn balógun Ìbàdàn ní 1870 kó àwọn ará ìlú báyìí lẹ́rú". Ẹ kọ òfin náà sí igun bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa mú ẹni tó bá rú u. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa mú ara wọn, ẹ̀yin náà yóò sì ṣe é nígbà kan, wọn yóò mú yín. Ìjà ibẹ̀ yóò dín kù nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí kò jókòó nínú kíláàsì.

Fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì, àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí. Ní agbègbè Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yín títí di òní, bí Ìgbájọ náà ṣe wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ kan ní ìbátan níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ìwé náà gbà pé àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn, Ìgbájọ àti àwọn ìlú mélòó kan sì ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ Ìbàdàn. Ẹ pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, kí apá kan jẹ́ ikọ̀ Ìbàdàn, kí èkejì jẹ́ ikọ̀ Èkìtìparapọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn wà ní ikọ̀ Ìbàdàn, kí ọmọ Ìbàdàn yẹn sì wà ní ìkejì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí wọn kò lè fi sílẹ̀ àti ohun kan tí wọ́n lè fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ṣí ohun tó wà nínú àdéhùn gan-an, kí wọ́n fi wé tiwọn. Ìbéèrè ọjọ́ náà yóò sì jẹ́: bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí àlàáfíà ní 1886, kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893? Ogun láàárín Ìlọrin àti Ìbàdàn tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní apá Ọ̀fà àti Ìkìrun wà lára ìdí náà. Àìfọkàntánni wà níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí Gómìnà Carter ṣojú fún nígbà tó wá tú àwọn ibùdó náà ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí èyí tó wúwo jù.

Àdéhùn náà mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Mọ̀dákẹ́kẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tó wá láti Ifẹ̀ tàbí Mọ̀dákẹ́kẹ́, ẹ má ṣe sọ ibẹ̀ di eré. Ìjà ibẹ̀ tún bẹ́ ní 1997, ó sì wọ 2000. Àwọn òbí wọn rí i. Ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, kí ẹ sì kọjá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ kò tó láti ṣí i kí ẹ sì tún un dì.

Ẹ óò pàdé orúkọ Samuel Johnson nínú ìwé èyíkéyìí tí ẹ bá ṣí lórí ogun yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gbára lé. Ẹ sọ ẹni tó jẹ́ fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn mẹ́ta: àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ìdílé rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ ṣẹ̀ wá, ó dàgbà ní Ìbàdàn, ó wà lára àwọn oníṣẹ́ tó ń rìn láàárín ibùdó méjèèjì nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà. Kí wọ́n wá sọ èyí tó mú kí ẹ̀rí rẹ̀ níye lórí àti èyí tó yẹ kó mú wa fara balẹ̀. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an, nítorí pé ìdáhùn méjèèjì wá láti inú ohun kan náà: ó wà níbẹ̀.

Ní ti fíìmù, ẹ retí rẹ̀. Ọmọ kan yóò dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, yóò sì sọ ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Kò burú. Ìyálóde Ìbàdàn ni ní tòótọ́, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ẹni kan náà tó kó ọmọ ogun Ìbàdàn lọ sí ogun Kírìjí tó sì kú sí ibùdó ogun ní 1885, ló rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874. Ẹ kàn fi ìbéèrè kan kún un: ẹni tó kọ eré náà, ṣé ó wà láyé nígbà náà?

Èdè tí ẹ óò fi kọ́ wọn ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni òfin sọ ní JSS, òun ni alábòójútó yóò sì fẹ́ gbọ́. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, kí ẹ fi í kọ bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ń jíròrò, ẹ má ṣe dá wọn lẹ́kun Yorùbá, bí kò bá ti sí ọmọ tí kò gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ náà. Ọmọ tó bá ti ronú rẹ̀ já ní Yorùbá yóò rí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó máa fi jábọ̀.

Alábòójútó yín kì í ṣe ọ̀tá. Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì tó pọ̀ nínú irú ipò yẹn, ohun tó sì máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà jù ni kí ó kọ èròǹgbà márùn-ún sínú ìwé ìmúra iṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí àkókò tó tán lórí ẹyọ kan. Ẹ kọ méjì. Ẹ má ṣe kọ pé àwọn ọmọ yóò "mọ̀" tàbí "ní òye", nítorí kò sẹ́ni tó lè rí i; ẹ kọ pé wọn yóò dárúkọ ohun mẹ́ta tí Àjàyí pàdánù, pé wọn yóò ya ohun tó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbọ́. Ìgbéléwọ̀n yín ní ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbéèrè méjèèjì yẹn gan-an, kì í ṣe òmíràn tó wá sí yín lọ́kàn lójijì. Kádíbọ́ọ̀dù yín ni ohun èlò ìkọ́ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí alábòójútó tó jókòó. Bí ó bá wọlé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀, kíláàsì kò ní pa rọ́rọ́. Ẹ lọ sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wo aago. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí ẹ sì lè dá wọn padà, ìyẹn ni yóò fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni kíláàsì.

Ẹ kò béèrè nípa pàṣán, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́: ẹ má ṣe gbà á, kódà bí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó bá kọ́ni lórí ẹrú pẹ̀lú pàṣán lórí tábìlì, àwọn ọmọ ń wo tábìlì.

Ó ku ti ìdánwò àárín sáà, èyí tí ọkàn tíṣà yín wà lórí rẹ̀. Ẹ gbà fún un kí ó ṣe ìbéèrè ọlọ́nà-mẹ́rin tirẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ni wọn yóò bá pàdé nínú Junior WAEC ní JSS 3, kí ẹ sì tọrọ ààyè ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọn yóò kọ. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn mẹ́rin nípa ogun Kírìjí, èyí tí ẹ sọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́: oníṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ìwé àdéhùn, bàbá kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, àti fíìmù. Kí wọ́n yan méjì tí wọ́n fọkàn tán jù, kí wọ́n sì kọ ìdí ní gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń máàkì rẹ̀, ẹ má ṣe wo èyí tí ọmọ yan, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fún ní máàkì: òdo fún ẹni tí kò sọ ìdí, ọ̀kan fún ẹni tó ní "ó wà nínú ìwé", méjì fún ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ìgbà tó sọ ọ́. Ẹ lè fi ìrọ̀lẹ́ méjì máàkì ọgọ́rin ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn bá yan bàbá tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, tí ó sì sọ ìdí tó mọ́yán lórí, méjì ni kí ẹ fún un.